Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Bí Apẹranjẹ Àgbà Ṣe Ń Nípa Lórí Ẹ̀dá Tí Kì Í Jẹ

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí: bí ẹkùn bá tán nínú igbó, ta ni ọ̀rọ̀ náà kàn? Ẹni tí ó bá yára dáhùn yóò sọ pé ẹran tí ẹkùn ń pa jẹ ni ó kàn, pé àwọn ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lẹ́yìn tí ẹkùn bá tán, ọ̀rọ̀ náà a kan ìnàkí, a kan ewé orí igi, a kan ẹyẹ, nígbà mìíràn a sì kan ọmọ ilé-ìwé tí kò fojú kan ẹkùn rí láyé rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn báyìí ni a fẹ́ là yé ara wa.

1. Okùn Oúnjẹ àti Àwọ̀n Oúnjẹ

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ìdí àwọn ọ̀rọ̀ tí a óò máa lò múlẹ̀. Igi àti koríko ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ pèsè oúnjẹ fún ara wọn. Ìgalà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ewé ni ó ń jẹ, nítorí náà a óò máa pe irú rẹ̀ ní ajewé. Ẹkùn ní tirẹ̀ ń pa ìgalà jẹ. A óò máa pe irú rẹ̀ ní apẹranjẹ. Bí a bá to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé ara wọn, ewé, ìgalà, ẹkùn, a ti rí ohun tí a ń pè ní okùn oúnjẹ. Apẹranjẹ tí ó wà ní òpin okùn náà, èyí tí ẹranko mìíràn kì í sábà pa jẹ, ni a óò máa pè ní apẹranjẹ àgbà.

Ṣùgbọ́n okùn kan ṣoṣo kò sí nínú igbó. Ìgalà nìkan kọ́ ni ó ń jẹ ewé: kòkòrò ń jẹ ẹ́, ọ̀bọ ń jẹ ẹ́, ẹtu ń jẹ ẹ́. Ẹkùn pàápàá kì í ṣa irú ẹran kan ṣoṣo pa. Okùn wá ń lọ́ mọ́ okùn títí ó fi di àwọ̀n, bí àwọ̀n apẹja. Ẹni tí ó bá fa ojú àwọ̀n kan ní apá ọ̀tún yóò rí i pé ojú àwọ̀n tí ó wà ní apá òsì náà mì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kò kàn án.

Ẹni tí ó bá ti lọ wo omi tí ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà yóò rántí pé omi náà kì í balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìpele méje ni ó ní. Láti orí èkíní ni ó ti ń bọ́ sí orí èkejì, láti orí èkejì sí orí ẹ̀kẹta, títí yóò fi dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni agbára apẹranjẹ àgbà ṣe ń ti orí ẹ̀dá kan bọ́ sí orí èkejì. A óò máa pe èyí ní ìṣànwálẹ̀. Ẹkùn kò jẹ ewé, kò sì gbin ewé, síbẹ̀ ó lè pinnu bí ewé yóò ṣe pọ̀ tó.

2. Èé Ṣe Tí Ewé Kò Fi Tán Láyé?

Ní ọdún 1960, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Yunifásítì Michigan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Nelson Hairston, Frederick Smith àti Lawrence Slobodkin, gbé ìbéèrè kan jáde tí ó dà bí ìbéèrè ọmọdé. Wọ́n ní, nígbà tí kòkòrò àti ẹranko tí ń jẹ ewé pọ̀ tó báyìí, èé ṣe tí ewé kò fi tán? Ìdáhùn wọn ni pé àwọn tí ń jẹ ewé kò rí àyè jẹ ẹ́ tán, nítorí pé àwọn mìíràn ń bẹ tí ń jẹ àwọn náà. Apẹranjẹ ni kò jẹ́ kí ajewé pọ̀ jù.

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé. Àwọn kan sọ pé ewé náà mọ bí a ti ń gba ara rẹ̀ là: òmíràn ní ẹ̀gún, òmíràn korò, òmíràn ní oró nínú. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú. Kí a lè mọ ibi tí òtítọ́ fì sí jù, wíwò lójú lásán kò tó. Àfi kí a mú apẹranjẹ kúrò níbì kan, kí a fi í sílẹ̀ níbòmíràn, kí a wá fi ibi méjèèjì wé ara wọn.

Ẹni tí ó ṣe èyí ni Robert Paine. Láti ọdún 1963, ó ń lọ sí etí òkun kan tí ó kún fún òkúta, Makah Bay, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀dá kan ń gbé orí àpáta ibẹ̀ tí apá rẹ̀ yọ káàkiri bí ìtànṣán ìràwọ̀, tí a lè pè ní ìràwọ̀ òkun. Apẹranjẹ ni, àwọn ẹ̀dá oníkarahun tí ń lẹ̀ mọ́ òkúta ni oúnjẹ rẹ̀. Paine ń fi irin tu ìràwọ̀ òkun kúrò ní apá kan àpáta náà, ó ń jù wọ́n padà sínú omi. Ní apá kejì, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ní apá tí kò fọwọ́ kàn, nǹkan ń lọ bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ní apá tí ó tu wọ́n kúrò, oríṣi oníkarahun kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀, ó ń gba àyè mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí oríṣi ẹ̀dá 15 tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dín kù di 8.

Ẹ kíyè sí i pé apànìyàn ni a ó pe ìràwọ̀ òkun bí ó bá jẹ́ pé àwọn oníkarahun ni a bi léèrè. Ṣùgbọ́n pípa tí ó ń pa alágbára ni ó jẹ́ kí aláìlágbára rí ibi dúró sí. Ní ọdún 1969, Paine fún irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ní orúkọ kan tí ó yá láti inú iṣẹ́ àwọn mọlémọlé, orúkọ òkúta tí ó wà láàárín gbùngbùn ẹnu ọ̀nà olóbìírípo, tí gbogbo òkúta yòókù yóò wó bí a bá yọ ọ́. Àwa Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu: òpómúléró. Òpó pọ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òpó ni ó mú ilé ró.

3. Ọ́tà, Òòrẹ̀ Òkun àti Igbó Inú Omi

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ tí ó hàn ketekete, Alaska ni kí a lọ. Ẹranko onírun kan ń gbé etíkun àríwá Òkun Pàsífíìkì, tí àwọn òyìnbó ń pè ní sea otter. Kò sí ní òkun tiwa, nítorí náà a kò ní orúkọ fún un. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ọ́tà, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ṣì í pè bí ìlú Ọ̀tà. Ọ̀pọ̀ ẹran inú òkun tútù ni ó ní ọ̀rá nípọn lábẹ́ awọ, ṣùgbọ́n ọ́tà kò ní. Irun ara rẹ̀ ni ẹ̀wù òtútù rẹ̀, kò sì sí ẹranko tí irun rẹ̀ ki tó bẹ́ẹ̀. Nítorí òtútù yìí kan náà ni ó ṣe ń jẹun púpọ̀. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ a máa tó ìdámẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀.

Lára oúnjẹ tí ó fẹ́ràn jù ni ẹ̀dá roboto kan tí ẹ̀gún bo gbogbo ara rẹ̀, tí a lè pè ní òòrẹ̀ òkun. Òòrẹ̀ òkun ní tirẹ̀ ń jẹ koríko òkun ńlá kan tí ń hù láti orí àpáta ìsàlẹ̀ omi, tí ó sì ń ga sókè bí igi. Ibi tí koríko yìí bá pọ̀ sí, igbó gidi ni nínú omi: ẹja ń sá pamọ́ sínú rẹ̀, ọmọ ẹja ń dàgbà níbẹ̀, ó sì ń dín agbára ìgbì kù kí ó tó dé èbúté. Ṣùgbọ́n òòrẹ̀ òkun a máa jẹ koríko náà nídìí. Bí ìdí bá ti gé, ìyókù á bá omi lọ.

Ní ọdún 1741, Vitus Bering tí ìjọba Rọ́ṣíà rán níṣẹ́ wa ọkọ̀ dé agbègbè náà. Òun fúnra rẹ̀ kú sí ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn rẹ̀ tí ó kù padà délé ní 1742 pẹ̀lú awọ ọ́tà. Nígbà tí àwọn oníṣòwò rí bí awọ náà ti dára tó, ọdẹ ya lọ síbẹ̀. Fún nǹkan bí 170 ọdún ni wọ́n fi ń pa á. Nígbà tí Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó, Japan àti Rọ́ṣíà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1911 láti dá ọwọ́ pípa náà dúró, ọ́tà tí ó kù ní gbogbo ayé kò ju nǹkan bí 2,000 lọ, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn àdéhùn yìí, ọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i ní àwọn erékùṣù kan, kò sì tíì padà dé àwọn mìíràn. Èyí ni ó fún James Estes àti John Palmisano láǹfààní. Wọ́n fi erékùṣù Amchitka, níbi tí ọ́tà ti pọ̀, wé Shemya, níbi tí kò ti sí. Ní Amchitka, igbó òkun dí pa, òòrẹ̀ òkun ṣọ̀wọ́n, àwọn tí ó wà kéré, wọ́n sì fara pamọ́. Ní Shemya, òòrẹ̀ òkun tẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi bí ẹní, igbó òkun kò sì sí. Òkun kan náà ni, òtútù kan náà, àpáta kan náà. Wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí yìí jáde ní 1974, ó sì di àpẹẹrẹ tí àwọn olùkọ́ ń lò káàkiri ayé.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí koríko òkun. A rí i pé níbi tí igbó òkun wà, ẹja ni ẹyẹ etíkun kan tí ń jẹ́ gull ń jẹ jù. Níbi tí kò sí, àwọn ẹ̀dá kéékèèké orí àpáta ni ó ń ṣa jẹ. Ọdẹ tí ń pa ọ́tà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún kò mọ̀ pé òun ń pín oúnjẹ fún ẹyẹ.

4. Bí A Ṣe Ń Ka Ìpele

Láti nǹkan bí ọdún 1990, àwọn ọ́tà Alaska tí ó ti ń pọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní agbègbè erékùṣù Aleutian. A kò rí òkú wọn létí omi bí ó ti yẹ kí ó rí bí ó bá jẹ́ pé àìsàn tàbí ebi ni. Ní 1998, Estes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé àbùùbùtán apẹranjẹ, èyí tí òyìnbó ń pè ní killer whale, ni ó ti yí ojú sí ọ́tà. Bí ọ́tà ti ń dín kù, òòrẹ̀ òkun tún ń pọ̀ sí i, igbó òkun sì tún ń pa run. Idì tí ń gbé etíkun náà yí oúnjẹ padà pẹ̀lú: ẹja inú igbó òkun àti ọmọ ọ́tà dín kù lẹ́nu rẹ̀, ẹyẹ òkun sì pọ̀ sí i.

Ibí yìí ni kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fara balẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ pàtàkì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ́tà wà ní òkè, ìpele mẹ́ta ni a ní: koríko, òòrẹ̀, ọ́tà. Ọ́tà jẹ́ ọ̀tá òòrẹ̀, òòrẹ̀ jẹ́ ọ̀tá koríko, nítorí náà ọ́tà di ọ̀rẹ́ koríko. Nígbà tí àbùùbùtán dé, ìpele di mẹ́rin. Ọ̀tá ọ̀rẹ́ koríko ni ó dé yìí, koríko sì jìyà. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ sọ pé apẹranjẹ àgbà ń ṣe ewé lóore nígbà gbogbo. Ó di ìgbà tí a bá ka iye ìpele tí ó wà láàárín wọn kí a tó mọ̀.

5. Ẹ̀rù Náà Ń Ṣiṣẹ́

Títí di ibi tí a dé yìí, pípa ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n apẹranjẹ kò ní láti pa ẹran kí ó tó yí ìwà rẹ̀ padà. Yorùbá ní bí ẹkùn kò bá fẹ̀, èse ni à ń pè é. Ẹkùn tí ó bá fẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kí ó tó fo mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọgbà ẹranko Gorongosa wà ní orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì. Ogun abẹ́lé tí ó jà níbẹ̀ láti 1977 sí 1992 pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹranko ńlá inú rẹ̀. Ẹkùn àti ajá igbó tán pátápátá. Lẹ́yìn ogun, ìgalà bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ti yí padà. Gbogbo ọdẹ ni ó mọ̀ pé ibi tí igbó bá dí ni ìgalà máa ń wà. Àwọn ti Gorongosa ń jáde sí pápá gbalasa, wọ́n ń jẹ àwọn ewéko tútù tí kò sí nínú igbó, ara wọn sì ń le sí i.

Justine Atkins, Robert Pringle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá ṣe ìdánwò kan. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ jáde bí ẹkùn sí ibi tí ìgalà ń jẹ̀, wọ́n sì fi òórùn apẹranjẹ sí ibẹ̀. Kò sí ẹkùn kankan níbẹ̀. Ohùn àti òórùn nìkan ni. Síbẹ̀, ìgalà padà sínú igbó dídí. Àwọn ewéko pápá tí ìgalà ti ń jẹ run wá lè ní ìsinmi. Àbájáde yìí jáde ní 2019. Ní 2018, a ti kó ajá igbó 14 láti South Africa wá sí ọgbà náà, lẹ́yìn náà ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹkùn padà síbẹ̀.

A lè wá sọ pé ọ̀nà méjì ni ìṣànwálẹ̀ ń gbà. Èkíní, iye ajewé ń dín kù nítorí pípa. Èkejì, ajewé lè pọ̀ bí ó ti wà, ṣùgbọ́n kì í jẹun níbi gbogbo àti nígbà gbogbo nítorí ẹ̀rù. Ibi tí ẹ̀rù kò bá jẹ́ kí ó dé, ewé ibẹ̀ ń dàgbà.

6. Àìsí Nílé Ológìnní

Ọ̀nà kẹta sún mọ́ ilé wa. Àìsí nílé ológìnní, ilé di ilé èkúté. Nínú igbó, àwọn apẹranjẹ kéékèèké àti àwọn ẹ̀dá tí ń jẹ ohun gbogbo wà ní ìsàlẹ̀ apẹranjẹ àgbà, tí wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí àgbà bá kúrò, wọ́n á di ọ̀gá.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gánà. Láti ọdún 1968 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ọba ibẹ̀ ti ń rìn káàkiri ọgbà ẹranko mẹ́fà, tí wọ́n ń kọ iye ẹranko tí wọ́n rí sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, iṣẹ́ sùúrù sì ni. Nígbà tí Justin Brashares àti àwọn onímọ̀ mìíràn kó àkọsílẹ̀ náà jọ títí dé 2004, wọ́n rí i pé kìnnìún àti ẹkùn ti pòórá ní àwọn kan nínú ọgbà náà, ọ̀pọ̀ ẹranko mìíràn sì ti dín kù. Ìnàkí, èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ti ajá, ni ó yàtọ̀: òun ń pọ̀ sí i, ó sì ń gba ilẹ̀ kún ilẹ̀, pàápàá níbi tí kìnnìún àti ẹkùn kò ti sí mọ́.

Ìnàkí kì í ṣe ẹran tí ń jẹ èso nìkan. Ó ń jẹ ẹyin ẹyẹ, ó ń pa ọmọ ẹtu, ó sì ń bá àwọn ọ̀bọ kéékèèké du oúnjẹ. Nítorí náà, àwọn ẹran kéékèèké tí à bá rò pé yóò sinmi nígbà tí ẹkùn lọ kò rí ìsinmi. Láti inú igbó, ìnàkí bọ́ sínú oko. Agbo rẹ̀ lè ba oko àgbàdo jẹ́ láàárín àkókò kúkúrú, ó sì gbọ́n ju aṣọ́komásùn lọ. Kí ni àgbẹ̀ yóò ṣe? Ó di dandan kí ẹnì kan máa ṣọ́ oko láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé ní agbègbè wọ̀nyí, ọmọ ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì, òun wà lóko tí ó ń lé ìnàkí. Àwọn onímọ̀ tún rí i pé bí ìnàkí àti ènìyàn ti ń sún mọ́ ara wọn, aràn inú ìfun di ohun tí wọ́n jọ ń pín.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí orúkọ ọmọ kan bá ń di àìsí nínú ìwé ìpè lójoojúmọ́, ta ni yóò ronú pé ikú ẹkùn wà lára ohun tí ó fà á?

Okùn náà tún gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2004, Brashares àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn láti inú àkọsílẹ̀ Gánà kan náà pé ní àwọn ọdún tí ẹja òkun bá wọ́n, ọdẹ a máa pọ̀ sí i nínú àwọn ọgbà ẹranko, iye ẹranko ibẹ̀ a sì já wálẹ̀. Nígbà tí ẹja kò sí lọ́jà, ẹran ìgbẹ́ ni ènìyàn yí sí. Lára ohun tí ó sì ń mú kí ẹja wọ́n ni àwọn ọkọ̀ ńláńlá láti ilẹ̀ òkèèrè tí ń pẹja ní òkun wa. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rìn: ọkọ̀ apẹja lójú òkun, ìbọn ọdẹ nínú igbó, kìnnìún tí kò sí mọ́, ìnàkí nínú oko, ọmọ tí kò lọ sí ilé-ìwé.

7. Kí A Má Ṣe Sọ Àsọdùn

Ó yẹ kí a ṣọ́ra, nítorí pé ìtàn tí ó dùn a máa sáré ju ẹ̀rí lọ. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ ìtàn ọgbà Yellowstone ní Amẹ́ríkà. Ìjọba pa ìkookò ibẹ̀ run ní nǹkan bí 1926. Àgbọ̀nrín ńlá ibẹ̀, tí ń jẹ́ elk, pọ̀, wọ́n sì ń jẹ àwọn igi kéékèèké etí odò. Ní 1995 àti 1996, a kó ìkookò 31 láti Kánádà wá síbẹ̀. Àgbọ̀nrín dín kù, igi ń ga sí i ní àwọn ibì kan. Láti ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ìkookò ti tún gbogbo ilẹ̀ náà ṣe, àní pé ó tún odò ṣe.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní 2001, tí wọ́n sì fi ohun tí ó ju 20 ọdún ṣe é, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2024 pé ipa ìpadàbọ̀ náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ létí àwọn odò wẹ́wẹ́. Nígbà tí igi etí odò tán, ẹranko tí ń fi igi sé odò, beaver, ti bá a lọ. Odò tí kò sí ìsé mọ́ gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ jìn, omi inú ilẹ̀ sì sá sílẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò igi lè dé. Bákan náà, béárì àti ọdẹ wà lára ohun tí ó dín àgbọ̀nrín kù. Kì í ṣe ìkookò nìkan. Ilé tí a yọ òpómúléró rẹ̀, tí ó sì ti wó fún 70 ọdún, dídá òpó padà nìkan kò tó láti gbé e dúró.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo apẹranjẹ ni òpómúléró, kì í sì í ṣe gbogbo àwọ̀n oúnjẹ ni ìṣànwálẹ̀ ti ń hàn gbangba. Níbi tí oríṣi ẹ̀dá bá pọ̀ gan-an, òmíràn lè rọ́pò èyí tí ó lọ, kí ìyípadà má sì hàn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rí wọ̀nyí kọ́ wa ni pé pípa apẹranjẹ àgbà run rọrùn ju àtúnṣe ohun tí yóò tẹ̀lé e lọ.

8. Ọ̀rọ̀ Náà Kàn Wá

Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2014 fojú bù ú pé kìnnìún tí ó kù ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ju nǹkan bí 400 lọ. Ibi mẹ́rin péré ni a ti rí wọn: ọ̀kan ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọ̀kan tí Bẹ̀nẹ̀, Bùrùkínà Fasò àti Nìjẹ̀ jọ pín, àti méjì ní Nàìjíríà, èyíinì ni Yankari àti Kainji. Èyí tí ó pọ̀ jù wà ní apá Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ní oṣù Kíní 2020, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá dá ẹgbẹ́ aláàbò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Àmọ̀tẹ́kùn. Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ kíláàsì yín léèrè lónìí pé kí ni àmọ̀tẹ́kùn, ọ̀pọ̀ wọn yóò ṣe àpèjúwe aṣọ àti ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kí wọ́n tó rántí ẹranko. Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè ń kọ́ wọn ní ìjálá, nínú èyí tí ọdẹ ti ń ki ẹkùn, tí ó ń ki ìgalà, tí ó ń ki ọ̀bọ. Ọdẹ tí ó ń ki wọ́n mọ irú oúnjẹ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ àti ibi tí ó ń sùn. Ìmọ̀ àwọ̀n oúnjẹ wà nínú oríkì ẹranko, bí a bá fẹ́ yọ ọ́ jáde. Ó ṣe é ṣe kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ bàọ́lọ́jì jọ kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan náà.

A kò sọ pé ẹkùn kì í ṣe ìkà o. Ẹni tí ẹkùn pa ewúrẹ́ rẹ̀ lánàá ní ẹ̀tọ́ láti bínú, kò sì yẹ kí ẹni tí ń gbé ìlú ńlá máa fi ẹnu lásán bá a sọ̀rọ̀. Bí gbogbo ayé bá ń jẹ èrè ẹkùn tí ó wà láàyè, kò yẹ kí ó jẹ́ alábùúlé igbó nìkan ni yóò máa san gbèsè rẹ̀. Ẹ̀san fún ẹran ọ̀sìn tí ó kú, ọgbà ẹran tí ó lágbára ní òru, àti iṣẹ́ fún ọmọ abúlé nínú ìṣọ́ igbó ọba wà lára ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń ṣírò gbèsè ẹkùn, ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti ìnàkí pẹ̀lú, kí a sì ka iye ọjọ́ tí ọmọ kan fi wà lóko dípò kíláàsì.

Ibí yìí ni a óò ti dánu dúró lónìí.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

(i) Mú ẹranko mẹ́rin tí àwọn ará agbègbè rẹ mọ̀. Ya àwọ̀n oúnjẹ tí ó so wọ́n pọ̀, kí o sì fi hàn ẹni tí yóò pọ̀ sí i àti ẹni tí yóò dín kù bí a bá yọ ọ̀kan kúrò.

(ii) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín pípa tí apẹranjẹ ń pa ẹran àti ẹ̀rù tí ó ń dá sílẹ̀? Èwo nínú méjèèjì ni ìdánwò Gorongosa fi hàn?

(iii) Bi ọdẹ tàbí àgbẹ̀ àgbàlagbà kan léèrè nípa ẹranko tí kò sí mọ́ ní ìlú yín àti èyí tí ó pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ǹjẹ́ okùn kan so méjèèjì pọ̀?

(iv) "Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ." Fi àpẹẹrẹ ọ́tà tàbí ti ìnàkí ṣe àlàyé òwe yìí.